Òkè tí mo ń wò látinú mọ́tò

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ò sì tó wákàtí kan. Àbúrò ìyá mi lọ́kọ síbẹ̀, torí ẹ̀ láti kékeré la ti máa ń lọ, Kérésì o, ìsìnkú o, ìsọmọlórúkọ o. Gbogbo ìgbà tá a bá ti ń wọ̀lú báyìí làwọn òkè yẹn máa ń yọ lọ́tùn-ún lósì, àpáta dúdú gbàǹgbà gbàǹgbà, màá gbé orí lé fèrèsé mọ́tò màá máa wò wọ́n títí a ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà àǹtí mi. Mi ò gùn ún rí. Mo lọ iléèwé tán, mo ríṣẹ́ n'Íbàdàn, mo pé ọmọ ọdún 34, mi ò gun òkè Ìdànrè rí.

Oṣù kọkànlá ni ìsìnkú kan tún gbé wa débẹ̀. Àsìkò yẹn ó ti rẹ̀ mí gan-an, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, láti àárọ̀ dalẹ́ ojú mi ò kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí mo bá délé fóònù ni màá tún gbé sójú. Sátidé la sin òkú, ọjọ́ kejì, ní Sọ́ńdè, ọmọ àǹtí mi tó jẹ́ ọkùnrin sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gòkè kílẹ̀ tó mọ́." Mi ò mọ ohun tó mú mi gbà. Boya torí pé mi ò fẹ́ jókòó sáàárín àwọn àlejò mọ́ ni.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kò tó nǹkan o, itan á dùn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, ẹ ó jókòó, ẹ ó mu omi, ẹ ó tún dìde. Ìgbà tá a fi dókè, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kùrukùru kún àárín àwọn òkè bí òwú, orí àpáta nìkan ló ń yọ síta, ìlú wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí èéfín iná àárọ̀ ń rú lágboolé kan sí òmíràn, àkùkọ ń kọ, a sì ń gbọ́ ọ lókè níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ wa ló wà. Omi bọ́ lójú mi. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo yọ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Kò sí èyí tó dáa níbẹ̀! Ojú ọ̀run funfun báláú, òkè dúdú bí èédú, gbogbo àwọ̀ tí mò ń rí pẹ̀lú ojú mi, fóònù ò rí ọ̀kan nínú ẹ̀. Ọmọ àǹtí mi ló ní kí n fi ìka tẹ ibi tí ọ̀run wà lórí fóònù, kí n wá fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ oòrùn jáde, òféèfé òkè kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó ń ṣá lọ títí dé ibi tójú ò tó mọ́. Mo pariwo. Wákàtí méjì ni mo lò lókè níbẹ̀, wọ́n pè mí títí nísàlẹ̀ pé oúnjẹ ti tutù.

A wọ ìlú àtijọ́ lọ kí á tó sọ̀ kalẹ̀. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pè é, orí òkè yẹn gangan làwọn baba ńlá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá yìí ni wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìlú wà báyìí. Ààfin Owá, ọba wọn, ṣì wà lókè pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ki ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, àgbà o, ọmọdé o. Ó bá tèmi mu. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé, ó sì yẹ kó wọlé, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Bí mo ṣe padà dé Ìbàdàn, mi ò lè jókòó jẹ́ mọ́. Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lálaalẹ́ kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi ni pé ìmọ́lẹ̀ lèèyàn ń yà, kì í ṣe òkè, kì í ṣe igi. Tí oòrùn bá wà láàárín orí, gbogbo nǹkan á gbẹ, òjìji á dúdú kirikiri sábẹ́ ojú èèyàn. Àmọ́ láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, oòrùn wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù á ti fọ́n ká sọ́nà, yẹ́lò àti pupa lá ṣẹ́ kù. Tí ọyẹ́ bá tún wá dé, eruku ẹ̀ á rọ ìmọ́lẹ̀ yẹn bí aṣọ fẹ́lẹ́ téèyàn ta sójú fèrèsé. Ọyẹ́ tí mo máa ń sá fún torí ètè mi tó ń bẹ́, òun náà ni mò ń retí báyìí. Ẹ ṣá má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nígbà ọyẹ́ o, eruku á wọnú ẹ̀.

Olúmirin, omi tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ni mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà yẹn lọ, ìpele méje ni omi yẹn, ìpele kìíní lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí tí wọ́n á wẹ̀ tí wọ́n á jó. Mo fẹ́ kí omi náà rí bíi wàrà tó ń ṣàn, bí mo ṣe ń rí i nínú fọ́tò àwọn tó mọ̀ ọ́n yà. Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀, bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó tiẹ̀ pé ẹyọ kan, kí omi lè rìn kọjá nínú fọ́tò náà, kámẹ́rà ò sì gbọ́dọ̀ mì rárá. Mi ò ní tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà lé. Mo gbé e lé orí òkúta, mo fi ṣálù mi tì í nídìí, mo gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe máa tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, wálẹ̀ sí 100, mo dúró kí ìkùukùu bo oòrùn. Omi ń ta sójú lẹ́ǹsì, mò ń nù ún, ó ń ta, mò ń nù ún. Nígbà tó yá ó bọ́ sí i. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ mi títí di òní.

Àdó-Àwáyè náà mo ti lọ, níbi tí adágún omi wà lórí òkè, ẹ lọ ẹ lọ wò ó, mi ò ní sọ jù.

Ìdànrè ni mo ṣì ń padà sí ṣá. Oṣù kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé e, mo rí ìyá kan tó ń sá kòkó lẹ́bàá ọ̀nà nírọ̀lẹ́, òkè lẹ́yìn ẹ̀, kòkó pupa rẹ́súrẹ́sú lórí ẹní níwájú ẹ̀, òórùn kòkó gba gbogbo àdúgbò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?"

"Òo, o kú ìrìn. Èmi rèé, pẹ̀lú aṣọ oko? Dúró."

Wọ́n wọlé. Wọ́n pẹ́ gan-an, oòrùn ń lọ, àyà mi ń já. Wọ́n jáde pẹ̀lú gèlè àti bùbá tuntun, wọ́n jókòó ti kòkó wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó ya fọ́tò láyé àtijọ́. Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà yẹn, ó pupa, ó bà lé ẹ̀gbẹ́ ojú wọn kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣèlérí pé màá gbé fọ́tò náà wá. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ jáde l'Ákùúrẹ́, ńlá, mo gbé e lọ. Wọ́n wọ awò, wọ́n gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Mo rò pé ara wọn ni wọ́n ń wò. Ìgbà tó ṣe, wọ́n gbé ìka lé òkè tó wà lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò.

"Ẹ̀yìn àpáta yìí ni agboolé bàbá ìyá mi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí."

Wọ́n ní àwọn máa ń gòkè tẹ́lẹ̀ kí orúnkún wọn tó kọ̀, ó sì ti pẹ́ táwọn ti rí ibẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní tí mo bá kọjá ààfin, kí n yà sósì, màá rí igi obì kan, lẹ́yìn ẹ̀ ni àpáta pẹlẹbẹ kan tó ní kòtò méjì, inú kòtò yẹn ni ìyá ìyá wọn ti máa ń lọ ata. "Bá mi ya ibẹ̀ wá."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ẹni tó ń mú àlejò káàkiri lókè ti wà lórí àtẹ̀gùn kí aago mẹ́fà tó lù. Igi obì ò sí mọ́, kùkùté ẹ̀ la rí. Àmọ́ àpáta wà níbẹ̀, kòtò méjèèjì wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ kún inú wọn. Mo fi ọwọ́ kó ewé náà jáde, inú kòtò ń dán, ó jọ̀lọ̀ lábẹ́ ìka mi. Oòrùn ò tíì débẹ̀, àpáta ńlá kan ló dí i. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo jókòó ti kòtò náà, mò ń dúró dè é.