Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ẹsẹ̀ Mi Ti Rìn

Halelúyà! Ẹ̀yin ará Ìwópin àti gbogbo Ìjẹ̀bú létí ọ̀sà tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Ẹsẹ̀ méjèèjì yìí ni mo fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀pọ̀ yín ló gbọ́ pé Olókun ló dì mí lẹ́sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ni, èyí tí gbogbo wa ń mí yìí náà.

Iṣẹ́ amòòkùn ni mò ń ṣe lójú òkun, nídìí páìpù epo. Ní mítà 30 sísàlẹ̀, ohun tó ń tẹ ara ẹni tó ìlọ́po 4 ti orí ilẹ̀. Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò bá fọwọ́ di imú kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí bó ṣe ń lọ sílẹ̀, awọ etí rẹ̀ lè bẹ́. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí níbẹ̀ ki, náítírójìn inú rẹ̀ á sì máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá lọ. Kì í dunni rárá. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ gòkè ni wàhálà dé: ó gbọ́dọ̀ máa dúró lọ́nà, kó lè mí i jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá sáré, náítírójìn náà á hó nínú ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí mínírà. (Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtìkó, ló gbé ètò ìdúró yìí jáde ní 1908. Ara ewúrẹ́ ló ti dán an wò. Ewúrẹ́ mà ti jìyà fún wa o!)

Mo ti pẹ́ nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà kí ẹ̀rọ tó ń fún mi ní afẹ́fẹ́ tó kú. Kò sáyè ìdúró kankan. Mò ń mí síta títí mo fi yọrí, torí ẹni tó bá séèémí, afẹ́fẹ́ á wú nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, á sì ya á. Ọpẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, awọ ikùn ń yún mi. Mo fẹ́ tọ̀, ìtọ̀ ò wá. Mo ní kí n dìde, itan ò gbọ́ tèmi. Mo fọwọ́ kan orúnkún mi, orúnkún ò mọ̀ pé ẹnì kan kan òun.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí wọ́n gbé mi wálé, pé bàbá kan á sín mi ní gbẹ́rẹ́. Ìfẹ́ ni, mi ò bá wọn wí. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ṣàgámù, ló kọ̀ jálẹ̀. Ó fi ọ́síjìn sí mi nímú, ó ní inú chamber ni mò ń lọ. Tánńkì irin ni. Wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ara á fi dà bí èyí tó tún wà ní mítà 18 nísàlẹ̀ omi, kí ohun tó ń hó lè sún kì. Ọ́síjìn á máa lé náítírójìn jáde, wọ́n á wá máa dẹ afẹ́fẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 5. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n gbé Harrison Okene sí ní 2013, alásè tó wà nínú ọkọ̀ tó dojú dé nísàlẹ̀ òkun fún nǹkan bí wákàtí 60. Bí wọ́n bá fà á jáde tààrà ni, ikú lè pa á lójú gbogbo wọn.

Inú tánńkì yẹn ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi ti mira. Mo pariwo Jésù, nọ́ọ̀sì rò pé mò ń kú ni! Nígbà tí mo sì tọ̀ fúnra mi, màmá mi jó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹni tí ìtọ̀ há mọ́ lára rí ló mọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń kú tipiri nígbà mìíràn, dókítà ò sì tíì gbà kí n padà sómi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó jẹ ìkókorẹ́ nílé wa. Ọmọ Ṣàgámù yẹn ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní àwọn fúnra wọn làwọn máa bu oúnjẹ tirẹ̀.