Nínú hóró, èwo gan-an ló ń hù?

Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sómi, ẹ bó o, ẹ ti tú hóró palẹ̀ nìyẹn. Èèpo wà tí a ń dànù, abala méjì wà tí a ń lọ̀, ohun kékeré kan sì wà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, tí a kì í kà sí. Ohun kékeré yẹn ni ọlẹ̀. Òun ló ń di igi ẹ̀wà. Abala méjèèjì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, èèpo sì jẹ́ aṣọ rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀wà ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta láti gbìn, tó ń wo títóbi hóró nìkan, oúnjẹ ló ń wò.

Àmì funfun tó wà láàárín ojú dúdú ẹ̀wà, ìdodo rẹ̀ ni: ibẹ̀ ló fi so mọ́ ìyá rẹ̀. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀wà tó ti mumi, ẹ ó rí i tí omi ń sun níbẹ̀.

Iṣẹ́ èèpo ni pé kí omi má ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀wà tí wọ́n lù ní ìlùkulù títí èèpo fi sán, omi á ya bò ó, abala á là, adùn inú rẹ̀ á máa jò sílẹ̀, èbu á sì débẹ̀ kí èéhù tó yọ. Ti irúgbá yàtọ̀: èèpo rẹ̀ le débi pé omi kì í lè wọlé. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀ ní ìdàkejì ojú rẹ̀, kí ẹ tó rẹ ẹ́ mọ́jú.

Àgbàdo kò ní abala méjì. Ẹ wo ibi tó jin díẹ̀ nítòsí ṣóńṣó rẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni ọlẹ̀ wà. Funfun tó yí i ká ló ń di ògì. Èèpo àti púpọ̀ nínú ọlẹ̀ ń bá èèrí lọ. Láàárín ọlẹ̀ àti funfun yìí ni awẹ́ tín-ín-rín kan wà tó ń fa oúnjẹ fún ọlẹ̀ nígbà tí funfun bá ń di ṣúgà. Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyẹn. Eku náà mọ ibi tó dùn: ọlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ, tá á fi ìyókù sílẹ̀. Hóró bẹ́ẹ̀ kò lè hù mọ́, bó ti wù kó tóbi tó.

Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ, torí omi. Ẹ̀wà á wá tẹ ọrùn, á fi ẹ̀yìn ọrùn náà ti ilẹ̀, á sì gbé abala méjèèjì jáde. Bí òjò bá ti jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gan, ọrùn yẹn á kán. Àgbàdo fi oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó gún òkè bí abẹ́rẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 tó fún un. Bó bá jìn jù, ewé á tú sínú ilẹ̀.

Ọlẹ̀ ń mí, kódà nínú àpò. Ooru abẹ́ páànù ní Abẹ́òkúta àti ọ̀rinrin ń tètè pa á, bẹ́ẹ̀ ojú hóró kò ní yí padà. Nítorí náà, ẹ dán an wò: ka hóró 20 sínú aṣọ tútù tí ẹ ti fún dáadáa (bí omi bá pọ̀, kò ní rí èémí mí), ká a, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i. Ọjọ́ 5 tó. Bí 16 bá hù, ó dára. Bí kò bá tó 10, ẹ sè é jẹ, àfi èyí tí wọ́n ti fi oògùn yí.