Táyà Iwájú Nìkan Ló Kù

Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá alẹ́.

Àánú ara mi ṣì ń ṣe mí. Lánàá, mo yà ra èlùbọ́ ní Rye Lane, ní Peckham, ní London níbí. Mi ò pẹ́ rárá: èlùbọ́, irú díẹ̀, ká kí ara wa. Nígbà tí mo jáde, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mi ṣì wà lára irin tí mo so ó mọ́, àgádágodo sì há a gbágbágbá. Ìyókù kẹ̀kẹ́ ti lọ.

Ìyá tó ta èlùbọ́ fún mi ló sáré jáde wá gba àpò lọ́wọ́ mi, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tu owó rẹ̀ jọ.

Olè náà kò gé nǹkan kan. Táyà iwájú yẹn ní ọwọ́ kékeré kan láàárín tí èèyàn lè fi ìka lásán ṣí láìlo sípánà. Ó ṣí i, ó gbé férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, lọ.

Lónìí mo lọ bá bọ̀dá kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò bá mi wí. Ó mú mi lọ sí ẹ̀bá títì, níbi tí wọ́n ri irin tí wọ́n ń pè ní Sheffield mọ́lẹ̀, páìpù kan tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ inú kọnkéré. Ó kọ́kọ́ di irin náà mú, ó mì í. “Àbúrò, máa mì í kó o tó so nǹkan mọ́ ọn. Òmíì ti tú.” Lẹ́yìn náà ló fi àgádágodo onírin tó dà bíi lẹ́tà D gba inú táyà ẹ̀yìn àti férémù, ó wá tì í mọ́ irin. Táyà ẹ̀yìn ló wọ́n jù nínú méjèèjì. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi so ti iwájú. Kò jẹ́ kí àgádágodo fara kan ilẹ̀, kí olè má baà rí ibi tí yóò gbé e lé láti fi òòlù fọ́ ọ. Kò sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n lè ki irin bọ̀ láti fi já a.

Ó ní àgádágodo tí wọ́n ti dán wò níbí máa ń ní àmì Sold Secure lára: Bronze, Silver, Gold, Diamond tó le jù. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin lè gé gbogbo wọn, àkókò nìkan ni wọ́n ń rà fún wa. Ní 2004, ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn rí i pé ike báírò Bic lásán lè ṣí àgádágodo Kryptonite tí ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí róbótó, ilé iṣẹ́ náà sì pààrọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá bi mí pé, “Nọ́ńbà férémù rẹ ńkọ́?”

Ohun tí ọlọ́pàá bi mí lórí fóònù náà nìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Abẹ́ kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà, níbi tí pẹ́dà méjèèjì ti pàdé, mi ò sì bẹ̀rẹ̀ wò ó rí. Ọ̀fẹ́ ni èèyàn ń fi nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní BikeRegister, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọlọ́pàá sì ń yẹ ibẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù náà lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Èyí ká mi lára jù, torí ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń rà á ní pọ́ọ́kú, ta ni wọn ì bá jí i fún?

Mo pe Màámi n’Ísẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́. Mo rántí kẹ̀kẹ́ Raleigh Bàámi: a kì í tẹ́ ẹní títí tí yóò fi wọ pálọ̀. Àwọn ará káńsù fún kẹ̀kẹ́ náà ní nọ́ńbà nígbà náà.

“Ó fi èédú kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,” ni Màámi wí. “Ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kun ilé, mi ò jẹ́ kí wọ́n kun ojú ibẹ̀.”

Èmi àti ẹ̀ jọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bọ̀dá ti gbé kẹ̀kẹ́ àlòkù kan fún mi, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A jọ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò kí n tó gbé e. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ ni, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi báírò kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi.