Ẹ̀gbà Ọwọ́ Onírédíò àti Mímọ Aláìsàn Dájú

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe fún aláìsàn nílé ìwòsàn, mímọ ẹni tí ó jẹ́ ni ó rọrùn jù lọ láti fojú kékeré wò. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣi ẹni mú, oògùn tí ó yẹ kí ó woni sàn lè di ewu, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní sì lè bọ́ sí iṣan ẹni tí kò bá lára mu. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba àwọn ilé ìwòsàn níyànjú ní ọdún 2007 pé kí wọ́n máa fi ohun méjì, ó kéré tán, dá aláìsàn mọ̀, bíi orúkọ àti ọjọ́ ìbí, kí wọ́n má sì ka nọ́ńbà yàrá mọ́ ọn, nítorí pé aláìsàn a máa pààrọ̀ yàrá.

Ẹ̀gbà ọwọ́ onírédíò, tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lọ́wọ́ kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀, ní ṣíìpù tín-ín-rín kan nínú, ìyẹn èròjà kékeré tí ń pa nọ́ńbà mọ́, pẹ̀lú eríàlì pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní bátìrì: ìgbì rédíò tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́ ni ó ń fún ṣíìpù náà lágbára tí ó fi ń dáhùn. Bákóòdù, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tí wọ́n ń tẹ̀ sára nǹkan kí ẹ̀rọ lè kà á, ní tirẹ̀ kò ṣeé kà àfi bí ẹ̀rọ bá rí i kedere, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí i, tàbí bí ó bá ká, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìgbì rédíò ń gba inú aṣọ ìbora kọjá, kò sì sí ìdí láti jí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Mo fara mọ́ ẹ̀gbà yìí gidigidi, ṣùgbọ́n kíkà láti òkèèrè, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn ín, kọ́ ni ó wù mí nínú rẹ̀. Èyí tí ń lo ìgbì 13.56 MHz (mẹ́gáhátììsì, ìwọ̀n bí ìgbì ṣe ń gbọ̀n sí) kì í sábà dáhùn ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ; èyí tí ń lo ìgbì 860 sí 960 MHz lè dáhùn láti ibi tí ó jìnnà tó mítà mélòó kan. Omi inú ara ènìyàn sì máa ń gbé ìgbì kejì yìí mì. Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù tí ibùsùn ti sún mọ́ra: aláìsàn tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ fi ara lé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbà tirẹ̀ kò dáhùn, ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dáhùn dípò. Fún oògùn àti ẹ̀jẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ sún mọ́ kí a tó lè kà ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ agbára ìgbì náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Amsterdam gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú 41 síwájú irú ẹ̀rọ rédíò bẹ́ẹ̀, láìsí aláìsàn kankan lórí wọn. Nínú àyẹ̀wò 123, ìgbì náà dí iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtọ́jú lọ́wọ́ nígbà 34, wọ́n sì ka 22 nínú rẹ̀ sí eléwu. Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan dán tirẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí ó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni ìṣẹ́jú tí wọ́n ń so ẹ̀gbà mọ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá so ti ẹlòmíràn mọ́ aláìsàn, ẹ̀rọ yóò máa jẹ́rìí sí àṣìṣe náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kà á, kíákíá, láìṣiyèméjì. Kí wọ́n bi í pé, «Kí ni orúkọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?» Kí wọ́n má ṣe bi í pé, «Ṣé ẹ̀yin ni Lágbájá?» Ẹni tí ara ń ro, tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa, lè mi orí sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ṣíìpù náà, nọ́ńbà nìkan ti tó. Kí orúkọ àti àìsàn wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, níbi tí ẹni tí ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkà kò ti lè rí wọn.

Àwọn ọmọ tuntun ni ó gba ìṣọ́ra jù, pàápàá àwọn ìbejì. Wọn kò lè sọ orúkọ, wọ́n sì máa ń fọn díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dáyé, tí ẹ̀gbà tí ó ṣe rẹ́gí lánàá yóò fi yọ́ bọ́ lónìí. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀gbà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ kò gbọdọ̀ dá a padà sí ọwọ́ tí ó sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀gbà ìyá ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, kí òṣìṣẹ́ méjì fìdí ọmọ náà múlẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì so tuntun mọ́ ọn.