Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwẹ̀

Ínṣì 24 ni ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wa fẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ mi fẹ̀ tó 26. Nítorí ínṣì 2 yìí, ó lé lọ́dún kan tí màmá mi àti àbúrò mi ọkùnrin fi ń gbé mi wọ ibẹ̀, èmi obìnrin ẹni ọdún 31.

Ìjàmbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló ṣe egungun ẹ̀yìn mi léṣe. Ní ọsibítù, ìgbà tí n óò tún rìn ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Físíò, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ni láti tún máa lo ara, tó ń tọ́jú mi nìkan ni kò bèèrè. Ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti fá dán sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi ìkúùkù tẹlẹ̀, ẹ gbé ìdí, ẹ sún díẹ̀. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Ó tún kọ́ mi láti máa fọwọ́ gbé ara mi sókè lórí ìjókòó lóòrèkóòrè, torí ìdí tí kò mọ ìrora lè dégbò kí ẹni tó ni ín tó mọ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì ń pani.

Mo délé, gbogbo ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sófo. Kí n tó nawọ́ sí ife, màmá ti gbé e. "Àṣàkẹ́, jókòó jẹ́ẹ́, kí lo fẹ́?" Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń sunkún lálẹ́, torí kò sí ohun tí mo ń pinnu fúnra mi mọ́, títí dórí ìgbà tí n óò tọ̀.

Owó àjọ tí mo kó ni mo fi pe bíríkìlà. Ó fọ́ ògiri, ó sọ ẹnu ọ̀nà di ínṣì 34. Ó fẹ́ da sìmẹ́ńtì kúkurú síwájú ilé kí kẹ̀kẹ́ lè gun àtẹ̀gùn, èmi ni mo ní rárá: bí ibẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 12, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ á dà mí sẹ́yìn.

Télọ̀ ni mí. Mo pààrọ̀ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi sí oníná, mo gbé ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sórí tábìlì, ìgúnpá òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọrùn bùbá àkọ́kọ́ wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tú u.

Ohun tó ń bí mi nínú ni báńkì mi. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí akàndá ẹ̀dá lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Kẹ̀kẹ́ mi kò tíì gba ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn wọlé. Inú oòrùn ni wọ́n ti ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi, gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà a sì máa gbọ́ iye tí mo fẹ́ gbà.

Màmá ti padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n wá kí mi lóṣù tó kọjá, mo wọ ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, mo tilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dúró níta.

"Àṣàkẹ́, ṣé kí n wá?"

"Ẹ jókòó, màámi, mò ń bọ̀."

Wọ́n ṣì dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n lọ ń gbé omi tíì kaná.