Ara ti délé

Ọjọ́bọ̀. Kò síná láti àárọ̀, bátìrì fóònù mi ti ku díẹ̀.

Dádì ti ti ọsibítù dé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láàárọ̀ ò kúrò létí mi. Ìyá Ṣọlá ń kọjá, ó kí wọn: "Ẹ káàárọ̀ sà, ara yín ńkọ́?"

"Ara ti délé. Èmi gan-an ni mi ò tíì dé."

Obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀wà tí mò ń ṣà, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Mo dé Ọjà Ọba, òjò lé mi wálé. Ẹ̀wà tí ò níyọ̀, kò sẹ́ni tó yìn mí.

Ara ti délé lóòótọ́. Stent méjì, túùbù onírin kékeré tí kì í jẹ́ kí iṣan pa dé, ló wà nínú iṣan ọkàn wọn, àyà ò fún wọn mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, 30 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin péré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́, níbi tí wọ́n gba ti wáyà tó gbé stent wọlé, ètè wọn á máa kà. Tísà tó ń kó ọmọ kíláàsì gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tó máa ń fọn fèrè mọ́ ẹni tó bá jókòó!

Lánàá mo pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Rárá o, mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ kàn jókòó sójú kan ni." Ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Àbí èmi lẹ̀rù ń bà... Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í jẹ́ kó tètè dá bí abẹ bá gé wọ́n, wọn ò wá fá irùngbọ̀n mọ́. Ó yẹ wọ́n ṣá, ẹ má sọ fún wọn.

Nírọ̀lẹ́ wọ́n ní kí n wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ìtọ́jú iṣan ọkàn yìí fún. Mo kà á: Zurich, 1977, ọkùnrin ẹni ọdún 38, bàlúùnù ni Dókítà Grüntzig fi la iṣan rẹ̀, stent ò tíì dé nígbà yẹn.

"1977? Kíláàsì kẹta ni mo wà." Wọ́n dákẹ́. "Ṣé ó tún gun òkè?"

Mo ní ó pẹ́ láyé gan-an lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Wọ́n ti lọ ti géètì. Mò ń gbọ́ sálúbàtà wọn bó ṣe ń bọ̀. Ó ti dákẹ́, nídìí àtẹ̀gùn. Mi ò ní dìde.