Alẹ́ Méje ní Sinimá Ẹ̀pẹ́

Nínú oṣù Kìíní, àwa mẹ́sàn-án jókòó, a fẹnu kò pé oṣooṣù la ó máa fi fíìmù àtijọ́ han ará ìlú nínú gbọ̀ngàn sinimá ògbólógbòó tó wà nítòsí ọ̀sà l'Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá nìyẹn. Lánàá mo ṣí ìwé tí mo ń kọ iye èrò sí, alẹ́ méje péré ni mo bá níbẹ̀.

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ló máa mọ ohun tí méje náà ná wa. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tò síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àdán ti gba àjà, ìgbẹ́ wọn ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Káfíńtà àárín wa tún bẹ́ńṣì kàn, àwọn aúntí méjì tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Olúwo gbé jẹnẹrétọ̀ ìsọ̀ wọn wá, èmi tí mo ń tún fíríìjì ṣe ló ń bójú tó wáyà. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀.

Fíìmù Ayé la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Hubert Ògúndé ṣe lọ́dún 1979. Bí àwọn àjẹ́ ṣe yọ lójú ògiri, gbogbo àwọn ìyá tó jókòó níwájú pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò ní ṣojú wa o!" Bàbá àgbà kan fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Má bẹ̀rù, Òṣẹ́tùrá ń bọ̀." Ọmọ náà ò gbọ́ orúkọ Òṣẹ́tùrá rí. Nígbà tí Ògúndé, tó ṣe Òṣẹ́tùrá, jáde, ọmọ náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo dúró ti wáyà mi, omi bọ́ lójú mi.

Àwọn oṣù tó bọ́ sọnù ò gba àlàyé púpọ̀. Ìgbálẹ̀ gba Kìíní àti Kejì. Òjò gba Kẹfà àti Keje, torí iléeṣẹ́ kan tó ṣèlérí páànù fún wa sọ wá di alárìnkiri títí ìlérí náà fi kú. Kẹsàn-án, owó epo ni kò jẹ́.

Oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Títí dìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà la ti ń gbé fíìmù jáde. Ẹbí kan wá yá wa róòlù fíìmù 16mm kan, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé e sójú ògiri. Mo ṣí agolo rẹ̀, òórùn bí ọtí kíkan gbà mí nímú: òórùn yẹn ni fíìmù ìgbà náà fi ń sọ pé òun ti ń jẹrà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a tanná sí i, ó já pàá. Ojú ògiri funfun báláú.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn, ó tẹ̀pá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. "Sún, ọmọ mi. Bá mi wá réésà." Mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Àwọn àwòrán náà tò gbọọrọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó èékánná àtàǹpàkò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ bó ti kan fíìmù, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ó gé méjì tó ya dànù, ó to ihò wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ ṣe déédéé, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́. "Mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan," ó ní. "Ta ló máa mọ̀ pé méjì kò sí?"

Ọ̀dọ̀ àwọn alárìnjò ló ti kọ́ ọ. Nígbà yẹn, àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé iléèwé, tí wọ́n ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, kí olè má baà jí i dà kọ. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ̀dà kan sì wọ́n gógó. Bàbá ní inú bọ́ọ̀sì lòun ti máa ń sun ti agolo fíìmù bí abiyamọ ṣe ń sun ti ọmọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ lèmi àti ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ń lọ sílé Bàbá. Ọwọ́ ọmọ náà ti yá ju tèmi lọ. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, etí ló fi ń mọ̀ bí fíìmù bá fẹ́ já. Èmi ò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Sátidé kejì oṣù Kìíní, a ó tún ṣílẹ̀kùn. Ó ní ká gbé àga òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí etí òun lè sún mọ́ ọn.